Nọ́ḿbà Tí A Fi Okùn Méjì Dì

60783345.

Ohun tó wà nínú ìwé pélébé náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí lẹ́tà kankan níwájú rẹ̀, kò sì sí ìkankan lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀gá mi tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó gbé kọ́ọ̀pù lé e létí kí fáànù má baà fẹ́ ẹ lọ, ó wá ń wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tó jalè tí kò tíì jẹ́wọ́. Èmi náà wò ó. Kí n má parọ́, ìṣirò wà lára ohun tó lé mi kúrò nílé ìwé, iṣẹ́ ọlọ́pàá sì ni mo sá wọ̀ torí mo rò pé kò ní lé mi débẹ̀.

Màmá Kílódé là ń pe ọ̀gá mi ní àgọ́ wa, torí ìbéèrè yẹn kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Oṣù mẹ́rin péré ló kù kó fẹ̀yìn tì. Lójú rẹ̀, "wọ́n" là ń pè é, ṣùgbọ́n "ó" ni màá máa lò níbí, kẹ́ ẹ má baà rò pé odidi ẹgbẹ́ ló ṣe iṣẹ́ tí obìnrin kan ṣoṣo ṣe.

Bàbá kan ló sọnù. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti máa yẹ ilé wò kí èèyàn tó kó wọ inú rẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe kan kọ́ ilé ìwé alájà mẹ́rin, bàbá yìí fi òòlù gbá òpó rẹ̀, ó gbọ́ bó ṣe dún, ó sì ní òun ò ní fọwọ́ síwèé. Àárọ̀ àná ló jáde nílé, kò dé ibi iṣẹ́. Ó ní ìtọ̀ ṣúgà, abẹ́rẹ́ ló fi ń gbéra lójoojúmọ́, abẹ́rẹ́ ìrọ̀lẹ́ àná àti ti àárọ̀ òní sì ṣì wà nínú fìríìjì ilé rẹ̀. Dókítà tí a pè kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ó ní bí ilẹ̀ bá ṣú kí abẹ́rẹ́ tó wọ ara bàbá náà, ká má wulẹ̀ pe òun mọ́.

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ti lù nígbà yẹn.

Àbúrò bàbá náà ló kọ nọ́ḿbà yìí sílẹ̀. Ilé kan náà làwọn méjèèjì ń gbé. Ọ̀gá bíríkìlà ni, èèyàn jẹ́jẹ́, Bàbá Kékeré ni ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń pè é, àwa náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun pe fóònù òun ní aago méje àárọ̀ òní. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun sọ pé òun rìnrìn àjò, kí wọ́n má dààmú, kí ọmọ òun lọ bá òun gba oògùn nílé ìwòsàn. Ó ka nọ́ḿbà káàdì rẹ̀, fóònù sì kú. Ayálégbé tó ń ránṣọ ní yàrá iwájú gbọ́ ìpè náà, torí fóònù Bàbá Kékeré máa ń pariwo ju olówó rẹ̀ lọ.

Ọmọbìnrin bàbá náà, tó ń tún aago ọwọ́ ṣe, ni ẹni tó kọ́kọ́ sọ pé irọ́ wà níbì kan.

"Nọ́ḿbà káàdì bàbá mi nílé ìwòsàn, ẹyọ márùn-ún ni," ó ní. "Ẹyọ mẹ́jọ lèyí. Kì í ṣe káàdì. Bàbá mi di ẹrù ránṣẹ́ sí mi ni."

Ọ̀gá mi fa àga sún mọ́ ọn. "Kí ló dé tó o fi pè é ní ẹrù?"

Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún wa, mo sì ní kó tún un ṣàlàyé nítorí tèmi. Láti ọmọ ọdún mẹ́fà ni bàbá rẹ̀ ti ń bá a ṣe eré kan. Àwọn nọ́ḿbà kan wà tí kò sí ohun tó lè pín wọn dọ́gba àfi oókan àti àwọn fúnra wọn. Bàbá náà ń pè wọ́n ní olórí kunkun. Bó bá fẹ́ sọ nǹkan fún ọmọ rẹ̀ láìjẹ́ kí ẹlòmíì mọ̀, bóyá ojú ìwé tó fi nǹkan pa mọ́ sí tàbí nọ́ḿbà yàrá tí wọ́n máa pàdé, á wá olórí kunkun kan, á sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà mọ́kànlá, á wá fún un ní èsì rẹ̀. Mọ́kànlá ni okùn, olórí kunkun ni ẹrù. Ọmọ á tú okùn, á rí ẹrù. Bí ohun tó bá kù bá ṣì ṣeé pín, á mọ̀ pé òun ti ṣì í tú.

Mo bi í pé báwo ni èèyàn ṣe ń mọ̀ pé mọ́kànlá wà nínú nọ́ḿbà kan. Ó ní kò le. Bẹ̀rẹ̀ láti apá òsì, ro ẹyọ kìíní, ìkẹta, ìkarùn-ún àti ìkeje pọ̀. Ro ìkejì, ìkẹrin, ìkẹfà àti ìkẹjọ pọ̀. Bí àpapọ̀ méjèèjì bá dọ́gba, tàbí tí ìyàtọ̀ wọn jẹ́ mọ́kànlá, okùn wà níbẹ̀.

"Ó dọ́gba?" ọ̀gá mi béèrè.

Ọmọbìnrin náà mi orí. Mẹ́fà, méje, mẹ́ta àti mẹ́rin jẹ́ ogún. Òdo, mẹ́jọ, mẹ́ta àti márùn-ún jẹ́ mẹ́rìndínlógún. Okùn ò sí níbẹ̀.

"Bàbá mi ò ṣi ìṣirò ṣe rí," ó ní. "Tí ó bá ti ń ṣi mọ́kànlá dì, a jẹ́ pé ṣúgà ti ń dé orí rẹ̀ nìyẹn."

Kò sunkún, ó kàn fa ìwé mìíràn sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

*

Ṣùgbọ́n èèyàn kì í káwọ́ gbera. Ó ní òun á fi tipátipá tú nọ́ḿbà náà, ó sì tú u lóòótọ́. Ó fọ́ wẹ́wẹ́: mẹ́ta, mẹ́ta, mẹ́ta, márùn-ún, méje, 131 àti 491. Olórí kunkun méje dípò ẹyọ kan. Èyí tó tóbi jù nínú wọn ni 491, mo sì jẹ́ ọlọ́pàá tó mọ ìgboro dáadáa. Mo sọ fún wọn pé òpópónà kan ṣoṣo ló ní ilé tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nílùú, èyí tó bá ojú irin lọ. Mo fọwọ́ sọ̀yà pé ọ̀rọ̀ ti bù ṣe. Bàbá Kékeré ló kọ́kọ́ wọ ọkọ̀.

A já ilẹ̀kùn ilé 491, ilé tí mo ṣì fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ara mi títí dòní. Ọkùnrin kan tó ń rán ìbùsùn la bá níbẹ̀, abẹ́rẹ́ ńlá wà lẹ́nu rẹ̀, díẹ̀ ló kù kó gbé e mì. A yẹ gbogbo fóòmù ibẹ̀ wò. A wo òrùlé. Agbègbè náà dàrú, a tọrọ àforíjì, a sì pa dà sílé bàbá náà ní aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọ̀gá mi ò bá mi wí rárá, ìyẹn ló dùn mí jù.

*

Bí a ṣe dé, ó gba yàrá aránṣọ lọ, ó ní kí n jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Aránṣọ náà ò dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró. Ó ní òun gbọ́ ohùn bàbá onílé, òun sì gbọ́ tó ń ka nọ́ḿbà, àmọ́ òun ò lè rántí ju pé mẹ́fà ló fi bẹ̀rẹ̀, torí òun ń ka ìwọ̀n àyà oníbàárà lọ́wọ́.

"Kí ló fi kọ ọ́, àti sórí kí ni?"

"Ẹ̀yìn kálẹ́ńdà. Ó já ewé kan lára ògiri. Lẹ́yìn náà ló wá jókòó sórí àga tí ẹ wà yẹn, tó ń fi ìka ka nǹkan, tí ètè rẹ̀ ń mì. Mo rò pé àdúrà ló ń gbà fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, mi ò fẹ́ dí i lọ́wọ́."

Ọ̀gá mi mú ìwé pélébé náà jáde. Inú ìwé ìkọ̀wé onílà ni wọ́n ti ya á.

Ó pe Bàbá Kékeré wọlé, ó sì rọra bi í léèrè ìwé kálẹ́ńdà náà. Ọkùnrin náà ní òun tún nọ́ḿbà náà kọ ni, kó lè hàn ketekete. Ti àkọ́kọ́ ńkọ́? Ó ní òun ti jó o mọ́ pàǹtí.

"Kí ló dé? Láàárọ̀ tí ẹ ò rí ẹ̀gbọ́n yín, pàǹtí lẹ rántí láti jó?"

Ó ní ọkàn òun ò balẹ̀, òun kàn ń wá nǹkan tí òun lè fọwọ́ ṣe ni. Èmi gbà á gbọ́. Nígbà tí ìyá mi ń ṣàìsàn, mo fọ ọkọ̀ mi lẹ́ẹ̀mẹrin lóòjọ́.

"Ẹ̀yin náà mọ eré nọ́ḿbà tí ẹ̀gbọ́n yín ń ṣe?"

"Bíríkìlà ni mí, màmá. Ìṣirò mi ò kọjá iye blọ́ọ̀kù."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó sinmi lẹ́yìnkùlé. Ó wá fi ojú sọ fún mi pé kí n má jẹ́ kó gba ẹnu géètì kọjá, mo sì fi àgádágodo tì í.

*

Ọmọbìnrin náà ṣì wà nídìí tábìlì, ìwé ti kún ilẹ̀. Ọ̀gá mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Nínú gbogbo nǹkan tó o tú yẹn, mẹ́ta lọ́nà mẹ́ta kò ha jẹ́ mẹ́sàn-án?"

"Mẹ́sàn-án ni. Ẹ ro gbogbo ẹyọ rẹ̀ pọ̀, mẹ́rìndínlógójì ló jẹ́, mẹ́sàn-án sì wà nínú rẹ̀. Àmọ́ bàbá mi ò ka mẹ́sàn-án sí. Okùn afọ́jú ló ń pè é."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ afọ́jú?"

"Torí àpapọ̀ ẹyọ nìkan ló ń wò. Bí ẹ bá gbé ẹyọ méjì fún ara wọn, àpapọ̀ ò ní yí pa dà, mẹ́sàn-án ò ní mọ̀. Mọ́kànlá ló máa mọ̀. Bàbá mi ní òun máa ń lò ó nígbà tí òun ṣì kéré, kó tó yé òun."

"Pẹ̀lú ta ni?"

Ọmọbìnrin náà gbé bírò sílẹ̀. Ó yíjú sí fèrèsé ẹ̀yìnkùlé.

Ọ̀gá mi ò jẹ́ kó ronú jìnnà. Ó ní ká fi ti èèyàn sílẹ̀ ná, ká gbájú mọ́ nọ́ḿbà. Ó ní ká sọ pé mẹ́sàn-án yẹn kì í ṣe èèṣì, pé bàbá náà fi mẹ́sàn-án àti mọ́kànlá di ẹrù kan ṣoṣo, mọ́kànlá sì ti tú lójú ọ̀nà. Báwo ló ṣe tú? Bí ẹni tó gba ìpè bá ṣi ẹyọ kan gbọ́, tó kọ márùn-ún dípò mẹ́rin, àpapọ̀ á yí pa dà, mẹ́sàn-án á bá a lọ. Mẹ́sàn-án ò lọ. Nítorí náà, kò sí ẹyọ tó pòórá, kò sì sí èyí tó wọlé. Àwọn tó wà níbẹ̀ ni wọ́n pààrọ̀ àyè.

"Ọwọ́ èèyàn máa ń ṣe bẹ́ẹ̀," mo dá sí i, kó má baà dà bíi pé mi ò sí níbẹ̀. "Èèyàn á kọ ẹyọ ìkẹta síwájú ìkejì."

"O ṣeun. Ẹyọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lọwọ́ máa ń ṣì kọ. Gbìyànjú wọn, ọmọ mi."

Ọ̀nà méje péré ló wà. Ọmọbìnrin náà gbìyànjú gbogbo rẹ̀ kí n tó mí lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí èyí tó mú ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dọ́gba.

"Wá gbìyànjú èyí tó jìnnà síra. Ogún lápá kan, mẹ́rìndínlógún lápá kejì. Kí ló máa mú wọn bára mu?"

"Kí méjì kúrò lápá àkọ́kọ́, kó lọ sí ìkejì." Ìka rẹ̀ ti ń sáré lórí ìwé. "Mo gbọ́dọ̀ rí ẹyọ kan lápá àkọ́kọ́ tó fi méjì ju ẹyọ kan lọ lápá kejì. Mẹ́fà, mẹ́rin kò sí níbẹ̀. Mẹ́ta, oókan kò sí. Mẹ́rin, méjì kò sí. Méje..." Ó fa ilà sábẹ́ rẹ̀. "Márùn-ún wà. Méje àti márùn-ún. Ìkẹta àti ìkẹjọ. Kò sí òmíràn."

Ó gbé wọn fún ara wọn. 60583347. Méjìdínlógún lápá kan, méjìdínlógún lápá kejì.

Ẹyọ mẹ́rin ló wà láàárín ìkẹta àti ìkẹjọ. Etí kì í ṣi nǹkan gbọ́ báyẹn, ọwọ́ kì í sì í ṣi í kọ báyẹn. Ẹni tó ṣe é jókòó ṣe é ni, ó sì mọ̀ pé mẹ́sàn-án ò ní tú àṣírí òun. Ohun tí kò mọ̀ ni pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti fi mẹ́sàn-án sílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ó ti mú mọ́kànlá.

Ọmọbìnrin náà tú okùn àkọ́kọ́, 5507577 ló kù. Ó tú èkejì, 611953 ló kù. Ó fi gbogbo olórí kunkun tó lè pín in dán an wò, láti orí méjì títí dé 773, ó lé ní ọgọ́rùn-ún, ẹ̀rọ ìṣirò gbóná lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí èyí tó pín in.

"Èyí ni ẹrù," ó ní, omijé wá dà lójú rẹ̀ wàyí. "Orí bàbá mi pé."

"Ẹni tí wọ́n tì mọ́ yàrá, tí kò ní ju fèrèsé lọ," ọ̀gá mi ní, "nọ́ḿbà ẹlẹ́yọ mẹ́fà wo ló lè rí?"

Ọmọbìnrin náà ò ronú lé e lórí. Ó ní ní àwọn agbègbè tuntun, ilé kì í ní nọ́ḿbà, nítorí náà àwọn tó ń yẹ ilé wò máa ń kọ nọ́ḿbà òpó iná tó sún mọ́ ilé náà jù sínú ìwé wọn. Gbogbo òpó iná ló ní i, ọ̀dà dúdú lórí funfun. Mo ti tẹ fóònù ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná kó tó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Akọ̀wé ibẹ̀ ní kí n ní sùúrù, òun ń wo ìwé.

*

Ọ̀gá mi ò ní sùúrù yẹn. Ó jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó tẹ́ ìwé méjèèjì síwájú Bàbá Kékeré, nọ́ḿbà tó kọ àti nọ́ḿbà tó gbọ́. Ọkùnrin náà wò wọ́n, ó ní òun ò mọ ohun tí ìyẹn jẹ́.

"Mọ́kànlá lẹ̀gbọ́n yín máa ń fi dì í fún ọmọ rẹ̀," ọ̀gá mi ní. "Mọ́kànlá sì ti tó. Ta ló tún fi mẹ́sàn-án dì í fún?"

Ọkùnrin náà yí ìwé tó kọ dojú délẹ̀.

"Ó mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ máa gbé fóònù. Ó fi tiyín sí i, kẹ́ ẹ lè tètè tú u."

Ọkùnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, sórí erùpẹ̀ gan-an. Ó sọ gbogbo rẹ̀ láìgbé orí sókè. Agbaṣẹ́ṣe ti ṣèlérí fún òun pé òun lá máa darí gbogbo bíríkìlà níbi iṣẹ́ tó kàn. Wọ́n ní wọ́n á kàn gbé ẹ̀gbọ́n òun pa mọ́ di ọjọ́ Ẹtì, títí òṣìṣẹ́ mìíràn á fi fọwọ́ síwèé. Wọ́n ní wọn ò ní fọwọ́ kàn án.

"Abẹ́rẹ́ rẹ̀ ńkọ́?"

"Wọ́n ní wọ́n á rà á. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bi wọ́n."

"Ibo ni wọ́n gbé e sí?"

"Wọn ò sọ fún mi."

"Nọ́ḿbà wà lọ́wọ́ yín. Ẹ lè tú u."

"Mi ò tú u," ó ní. "Ẹ̀rù bà mí kí n má lọ mọ̀ ọ́n."

Mo kórìíra ọkùnrin náà, àánú rẹ̀ sì ṣe mí, mi ò mọ èyí tí mo máa mú. Fóònù mi dún. Akọ̀wé mọ̀nàmọ́ná ní òpó 611953 wà lẹ́yìn afárá ojú irin, níwájú ibi tí wọ́n ti ń ṣe blọ́ọ̀kù tẹ́lẹ̀.

*

A dé ibẹ̀ pẹ̀lú dókítà ní aago méjì ààbọ̀. Ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀ gbọ́ ọkọ̀ wa, ó fo ògiri, bàtà rẹ̀ kan ló ṣẹ́ kù. Àgádágodo tó wà lára ilẹ̀kùn gba òòlù mẹ́fà. Orí àpò sìmẹ́ńtì ni bàbá náà dùbúlẹ̀ sí, ètè rẹ̀ ti gbẹ, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, kò sì dáhùn nígbà tí ọmọ rẹ̀ pè é. Dókítà fún un lábẹ́rẹ́ níbẹ̀, ó fi omi sí i lára, ó sì ní ká gbé e kíá. Ọmọ rẹ̀ di ìgò omi náà mú lókè títí a fi dé ilé ìwòsàn, kò gbà kí n bá a gbé e.

Ó di ọ̀sán ọjọ́ kejì kí bàbá náà tó lè jókòó. Èmi àti ọ̀gá mi lọ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n ti mú agbaṣẹ́ṣe, wọ́n sì ti ti ilé ìwé náà pa. A sọ ìyẹn fún un, inú rẹ̀ sì dùn. Ó ní àwọn tó gbé òun ló ní kí òun pe ilé, kí ẹnikẹ́ni má baà wá òun, òpó mẹ́ta sì ni òun rí láti fèrèsé, ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ló jẹ́ olórí kunkun, ó sì ná òun ní odidi òru kan láti mọ èyí tó jẹ́. Ó wá wo ẹnu ọ̀nà.

"Àbúrò mi ńkọ́? Òun ló tú u, àbí?"

Mo wo bàtà mi. Ọmọ rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Rárá, bàbá. Òun ló yí i. Ó gbé ẹyọ méjì fún ara wọn kó tó fún mi."

Bàbá náà yíjú sí ògiri. A rò pé kò gbọ́.

"Èwo àti èwo?"

"Ìkẹta àti ìkẹjọ."

Ó di ojú rẹ̀. Ètè rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀, ó ń ro wọ́n pọ̀.

"Ó mọ̀ pé mẹ́sàn-án ò ní rí i," ó ní. "Èmi ni mo kọ́ ọ."